Fóòmù kọ́ là ń dán: àlàyé lórí plọ́ọ̀gì tí a fi ń ṣe móòdù fáíbà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró ti oníṣẹ́ fáíbà lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó fi fóòmù gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó ha á, ó kùn ún, ó dán an títí ó fi ń kọ mànà. Lẹ́yìn náà ló wá fi résìn, oje olómi tó máa ń dì le, àti fáíbà bò ó. Nígbà tí ìyẹn le tán, ó yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé ère fóòmù tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀. Ihò tó ní ìrísí ọkọ̀ ni. Inú ihò yẹn ló ti máa wá ṣe ọkọ̀ gan-an. Kí ló dé tí kò ṣe ọkọ̀ náà tààrà?

Ìdí ni pé kì í ṣe ẹyọ kan ló fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ ṣe mẹ́wàá tàbí ogún, kí gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí, àìmọ ìyàtọ̀ wọn ló sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Àkọ́kọ́ ni plọ́ọ̀gì, ère tí a kọ́kọ́ gbẹ́. Kì í ṣe plọ́ọ̀gì iná, kì í sì í ṣe ti ẹ́ńjìnì. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Èkejì ni móòdù, tí a mú jáde lára plọ́ọ̀gì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀dà, ohun tí a óò lò gan-an, tí a ń mú jáde láti inú móòdù lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ẹ wo ẹsẹ̀ tó tẹ ẹrẹ̀ tútù. Ẹsẹ̀ yẹn ni plọ́ọ̀gì, ojú ẹsẹ̀ tó kù nínú ẹrẹ̀ ni móòdù. Bí ẹrẹ̀ náà bá gbẹ, tí a sì da nǹkan tó máa dì sínú rẹ̀, ohun tí a óò yọ jáde yóò tún jọ ẹsẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá là, ẹrẹ̀ ò ní bò ó láṣìírí, ìlà náà á hàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni plọ́ọ̀gì ṣe rí. Ibi tó bá sínú lára plọ́ọ̀gì á yọ gegele nínú móòdù, á sì tún sínú lára gbogbo ẹ̀dà tí ẹ bá ṣe, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí wákàtí tí a ń lò lórí plọ́ọ̀gì fi máa ń pọ̀ ju ti móòdù lọ.

Mo gbọ́dọ̀ ya ohun kan sọ́tọ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú. Fóòmù tún ní iṣẹ́ mìíràn tó jọ èyí, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kékeré tí Burt Rutan yà, tó ń jẹ́ VariEze, kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975, ohun tó jẹ́ kí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n fi wáyà gbígbóná gé ìyẹ́ rẹ̀ látinú fóòmù, wọ́n fi fáíbà àti epoxy, irú résìn kan, bò ó, wọ́n sì fi fóòmù náà sílẹ̀ nínú títí láé. Kò sí móòdù níbẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣe, ọ̀nà yẹn lè dára fún yín jù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà yẹn, òde tí ẹ fi ọwọ́ ha ni òde ọjà yín, ẹ óò sì tún un ha láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà kúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe òmíràn. Ní ti plọ́ọ̀gì, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa jìyà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nìyí: iṣẹ́ fóòmù ni láti fún wa ní ìrísí, kì í ṣe láti fún wa ní ojú tó ń dán. Mo ti rí àwọn tó ń fi sáńpépà ha fóòmù lásán fún ọjọ́ méjì, tí wọ́n ń retí pé yóò dán. Kò ní dán láéláé. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú fóòmù. Bí ẹ ṣe ń ha ògiri ihò kan kúrò lẹ ń ṣí òmíràn. Èèpo líle tí a máa fi bò ó ni à ń dán. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bá fóòmù jà ju bó ṣe yẹ lọ.

Irú fóòmù wo wá ni? Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni polystyrene funfun oníhóró, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí. Ó fúyẹ́ gan-an, nǹkan bíi kílò 15 sí 30 fún mítà kan níbùú-lóròó-lóòró, ó sì rọrùn láti gé; àmọ́ hóró rẹ̀ máa ń já bọ́ nígbà tí a bá ń ha á. Èkejì jẹ́ polystyrene náà, ṣùgbọ́n wọ́n fún un jáde látinú ẹ̀rọ ní pátákó, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí píǹkì. Èyí kò ní hóró, ó ki díẹ̀ ju ti funfun lọ, ojú rẹ̀ sì máa ń mọ́ bí a bá gbẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni polyurethane. Jámánì ni Otto Bayer àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe àwárí kẹ́míkà rẹ̀ lọ́dún 1937. Ó ní èyí tó rọ̀ tí èékánná lè wọ̀, ó sì ní èyí tó le bí igi, tó lè wọn kílò 400 sí 700 fún mítà níbùú-lóròó-lóòró, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà gbẹ́ fún iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìwọ̀n tó péye.

Ìyàtọ̀ tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ pátápátá kì í ṣe ti ìwúwo, ti kẹ́míkà ni. Résìn polyester tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fáíbà ń lò ní ohun olómi kan tí wọ́n ń pè ní styrene nínú, nǹkan bíi ìdá 30 sí 45 nínú 100. Styrene yìí máa ń jẹ polystyrene bí omi ṣe ń jẹ iyọ̀. Pọ́tì tí àwọn apanẹ́ẹ̀lì fi ń dí ara mọ́tò, polyester ni òun náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà inú agolo tí a ń fọ́n náà ń jẹ ẹ́, àsìtóònù sì burú jù gbogbo wọn lọ. Epoxy ni kì í jẹ ẹ́. Polyurethane ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù styrene. Ẹ lè da polyester lé e lórí láìsí wàhálà. Nítorí náà, bí fóòmù bá jẹ́ polystyrene, epoxy ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án, kò sí àbùjá níbẹ̀.

Mo ti fojú ara mi rí i. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kan ni mo ń ṣe, fóòmù funfun ni. Mo fi epoxy àti fáíbà bò ó dáadáa, àfi ibì kan létí tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí fáíbà kò dé. Mo fi pọ́tì mọ́tò dí i, mo ní ṣebí kékeré ni. Kí n tó fọ ọ̀bẹ pọ́tì tán, ojú ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka náà rì. Nígbà tí mo la ibẹ̀ wò, ihò tó wà nísàlẹ̀ tóbi tó ìkúùkù, ara rẹ̀ rí dẹ̀ǹgẹ̀ bí ṣúgà tó yọ́. Ojú ihò abẹ́rẹ́ ni styrene ń gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí plọ́ọ̀gì tí n kì í yẹ̀ wò lábẹ́ iná kí pọ́tì àkọ́kọ́ tó kàn án.

Gígé ló kàn. Wáyà gbígbóná ló dára jù fún polystyrene: wáyà tín-ín-rín tí iná ń mú gbóná, tó ń yọ́ ọ̀nà láàárín fóòmù. A ó lẹ bátànì pílàwúùdù mọ́ orí méjèèjì, wáyà á sì máa rìn létí bátànì náà. Bí wáyà bá yára jù, àárín rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, àárín fóòmù á sì sanra ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀, ẹ má tì í. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí oru rẹ̀ kò dára fún èémí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wáyà gbígbóná kan polyurethane láéláé! Kì í yọ́, ńṣe ló ń jóná, oru tó sì ń jáde lára rẹ̀ ní májèlé tó lè pa ènìyàn nínú. Ayùn, ọ̀bẹ àti sáńpépà ni ti polyurethane, pẹ̀lú ìbomú tó ń sẹ́ eruku dáadáa.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ gbẹ́ bá tóbi, ẹ óò lẹ fóòmù pọ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kan wà tí kì í hàn títí di ọjọ́ tí sáńpépà bá dé ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá ti gbẹ máa ń le ju fóòmù lọ. Bí ẹ bá ń ha ojú tí ìlà gọ́ọ̀mù gbà kọjá, fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á máa lọ sílẹ̀, gọ́ọ̀mù á sì dúró gangan bí eegun ẹ̀yìn ajá tó rù. Ohun tó yẹ ni pé kí gọ́ọ̀mù jìnnà sí ojú ibi tí ẹ óò gbẹ́ dé, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3. Gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn oníbàtà ń lò ní èròjà tó ń jẹ polystyrene, ẹ yẹra fún un.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrísí náà péye? Ẹ gé àwòrán ìdábùú ohun náà, bí ìgbà tí a bá gé iṣu sí wẹ́wẹ́, sára pílàwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ to wọn sí àlàfo kan náà, kí ẹ fi fóòmù sáàárín wọn. Bí ẹ bá ń ha fóòmù, tí sáńpépà bá ti kan etí pílàwúùdù, ẹ dúró. Ẹ rántí pé èèpo, pọ́tì àti ọ̀dà tó máa bò ó ní ìnípọn tiwọn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 3, bátànì yín gbọ́dọ̀ kéré ní mílímítà 3 yípo. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, tí wọ́n á wá máa wò ó pé kí ló dé tí ìdérí kò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ rò nígbà tí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ ni bí móòdù ṣe máa kúrò lára plọ́ọ̀gì, àti bí ẹ̀dà ṣe máa kúrò nínú móòdù. Ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ máa ń yọ kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìkòkò tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu lọ kò lè yọ. Ògiri plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó kéré tán dígírì 1 sí 3. Kò pọ̀ rárá: lórí ògiri tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 5, síbẹ̀ ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín móòdù tó jáde àti èyí tí a óò fi ayùn là. Bí ìrísí náà bá ní ikùn bíi ti ìkòkò, tí kò sì sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́, a óò ṣe móòdù ní abala méjì tí a máa fi bóòtù dè pọ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀rọ̀ kankan mú ṣámúṣámú. Fáíbà kì í fẹ́ ṣẹ́ po ní igun tó mú. Á rékọjá lórí rẹ̀ bí afárá, afẹ́fẹ́ á kù sábẹ́, gelcoat (résìn tí a kọ́kọ́ ń fi ṣe ojú móòdù tàbí ẹ̀dà) tó wà níbẹ̀ á sì máa ṣẹ́. Kí gbogbo igun yí róbótó díẹ̀, ó kéré tán mílímítà 3.

Nígbà tí ìrísí bá ti tọ́, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 tàbí 120 ha fóòmù kẹ́yìn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò, ẹ po epoxy pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun róbótó gíláàsì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní microballoon títí yóò fi ki bí ògì, kí ẹ fi ọ̀bẹ rọ́bà ra á wọ ihò fóòmù gbogbo. Kí ìyẹn tó dì tán, ẹ tẹ́ aṣọ fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, èyí tó wọn gíráàmù 160 sí 200 fún mítà kan níbùú-lóròó, ìpele kan tàbí méjì, kí epoxy sì rin ín dáadáa. Èyí ni èèpo. Láti ìgbà yìí lọ, fóòmù ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Epoxy tó bá ti dì lè ní ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ lójú, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Omi ni a fi ń fọ ìyẹn, kì í ṣe àsìtóònù. Bí ẹ kò bá fọ ọ́ kí ẹ sì ha á, pọ́tì polyester tí ẹ bá fi lé e kò ní dì dáadáa, ìgbà tí ẹ bá ti ń ha á ni yóò máa ṣí. Mo sì máa ń fún epoxy ní ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó le dópin. Bí kò bá le tán kí ẹ tó dán an, yóò ṣì máa sún kì lábẹ́ ọ̀dà, ìhunpọ̀ aṣọ fáíbà á sì wá hàn lójú ohun tí ẹ rò pé ó ti dán, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Pọ́tì wá di ọ̀rọ̀ sùúrù. Ẹ fi ra á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ha á kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ tún fi òmíràn. Ọwọ́ lásán kọ́ ni kí ẹ fi di sáńpépà mú, nítorí ìka á máa gbẹ́ kòtò. Pákó gígùn tó tọ́ ni kí ẹ lẹ ẹ́ mọ́. Bí ojú náà bá yí kọdọrọ, kí ẹ lo pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀. Ẹ ha á ní ìdábùú láti ọ̀tún, kí ẹ tún ha á ní ìdábùú láti òsì, kí ipa méjèèjì kọjá lórí ara wọn.

Ojú máa ń tan ènìyàn jẹ níbi yìí. Àwọ̀ pọ́tì àti àwọ̀ epoxy á dàpọ̀ kàlákìnní, ẹ ò ní mọ ibi tó ga sí ibi tó sínú. Ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú lé gbogbo rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrì. Ẹ wá ha á pẹ̀lú pákó gígùn. Ibi tí dúdú bá ti tètè kúrò ló ga, ibi tí dúdú bá dúró sí ni kòtò wà. Ọ̀nà kejì ni ọwọ́. Ẹ di ojú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀ láìyára, láti òkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní pé àtẹ́lẹwọ́ ń mọ gegele tí ojú kò lè rí. Ẹ̀kẹta ni iná ọ̀pá gígùn tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ nínú òkùnkùn: bí ìlà iná náà bá ṣẹ́ tàbí tó wọ́ lára plọ́ọ̀gì, ìṣòro wà níbẹ̀.

Pírámà alápòpọ̀ méjì tó nípọn ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ sáńpépà olómi: 240, 320, 400, 600, 800, 1000, dé 1200. Ẹ má fo nọ́ńbà kankan, nítorí iṣẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni láti pa ipa ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ọ̀dà lásán tó ń gbẹ nípa afẹ́fẹ́ kò yẹ níbi yìí, styrene inú gelcoat á gbé e wú bí awọ tó jóná. Oru irú pírámà bẹ́ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbomú eruku lásán kò tó fún un.

Wáàsì, tí kì í jẹ́ kí móòdù lẹ̀ mọ́ plọ́ọ̀gì, kò gba àlàyé púpọ̀: ìpele 5 tàbí 6, kí wákàtí kan wà láàárín wọn, kí ẹ sì nu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dán. Wáàsì mọ́tò tó ní silicone ni kí ẹ sá fún. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fọ́n PVA lé e, ohun olómi tó máa gbẹ di awọ fẹ́lẹ́ tí omi ń fọ̀ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ dán gbogbo ìlànà náà wò lórí pákó kékeré kan tí ẹ fi pọ́tì àti pírámà kan náà kùn. Bí gelcoat bá lẹ̀ mọ́ pákó yẹn, pákó lẹ pàdánù.

Bí ẹ bá wá ń fi móòdù bò ó, ẹ má kánjú to fáíbà tó nípọn lé e lọ́jọ́ kan. Résìn ń gbóná bó ṣe ń dì, bí ó bá sì nípọn, ó lè gbóná kọjá 100 dígírì. Polystyrene ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bíi 80. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, kí ó tutù, kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń ya wọ́n, ẹ kì igi pẹlẹbẹ bọ àárín wọn yípo, kí ẹ da omi díẹ̀ sí i kí PVA lè yọ́. Plọ́ọ̀gì lè fọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde lódidi, ẹ gbé e pa mọ́ títí ẹ̀dà àkọ́kọ́ á fi jáde nínú móòdù tí ẹ óò sì yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná, torí bí móòdù náà kò bá dára, plọ́ọ̀gì yẹn lẹ óò tún fi ṣe òmíràn.